Ọkọ̀ Tí Mo Gbé Lọ sí Gárkì

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé fàájì ni mo bá lọ sí etí òkun lọ́dún náà. Ìjà ni mo bá lọ. Mo di ọkọ̀ ojú omi kékeré kan mọ́ orí mọ́tò Píjò mi ní Gárkì ní Àbújá, mo kó àwọ̀n, ìwọ̀, tapólì àti sítóòfù sẹ́yìn, mo sì kọrí sí Ẹ̀pẹ́ lémi nìkan. Obìnrin tó ti lé lógójì ọdún ni mí nígbà náà, nọ́ọ̀sì ìjọba, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé mò ń lọ àyàfi ọ̀gá tó fún mi ní líìfù. Nǹkan bí ọdún 1986 ni. Inú ń bí mi débi pé n kò jẹun àárọ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú kò ṣòro láti ṣàlàyé. Bàbá mi ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Apẹja ni, ní abúlé kan tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, ní òdìkejì Ẹ̀pẹ́, níbi tí mọ́tò kò lè dé. Ohun tó fi sílẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní igbó ẹja kan nínú ọ̀sà. Igi àti ẹ̀ka ni wọ́n máa ń rì mọ́lẹ̀ nínú omi, wọn a fi í sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ẹja a sá wọ inú rẹ̀, a bímọ síbẹ̀, a sanra síbẹ̀. Ti bàbá mi ló tóbi jù ní abúlé wa. Àṣà wa sì ni pé bí onígbó bá kú, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án títí ọdún kan yóò fi pé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tú u, gbogbo ọmọ olóògbé gbọ́dọ̀ wọ inú omi, kí oníkálukú fọwọ́ ara rẹ̀ fa igi yọ. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan igi ló ní ìpín níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tún un gbìn. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá kàn án, kò sí tirẹ̀ níbẹ̀ mọ́ láéláé, ìbáà jẹ́ àkọ́bí.

Àwa mẹ́ta ni bàbá mi bí: ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjì, àti èmi. Lọ́jọ́ ìsìnkú ni ẹ̀gbọ́n mi àgbà ti bi gbogbo ènìyàn léèrè pé kí ni obìnrin tó ń gbé Àbújá fẹ́ fi igbó ẹja ṣe. Mo dá a lóhùn, mo sì dá a lóhùn dáadáa. Nígbà tí mo wá rí i pé àwọn méjèèjì ti ń pín àwọ̀n àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá láàárín ara wọn bí ẹni pé n kò jókòó síbẹ̀, mo dìde, mo lọ tú ọkọ̀ kékeré tí bàbá mi ń wà kiri nígbà ogbó rẹ̀, mo ní èyí ni tèmi. Ìyá mi sọ nǹkan kan láti ẹnu ọ̀nà. N kò gbọ́ ọ yékéyéké, n kò sì dúró gbọ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọkọ̀ ti wà lórí lọ́rì tó ń kó pákó lọ sí Àbújá.

Ẹ̀yin tó mọ Gárkì ayé ìgbà yẹn á mọ̀ pé kò sí ohun tí ènìyàn lè fi ọkọ̀ ojú omi ṣe níbẹ̀. Erùpẹ̀ pupa ni gbogbo ibẹ̀, ilé tuntun níhìn-ín, kòtò lọ́hùn-ún, katakátá tó ń ró láti àárọ̀ dalẹ́. Mo gbé e sẹ́yìn ilé. Ọlọ́dẹ wa tó jẹ́ Hausa wò ó títí, ó ní, “Kai! Hajiya, ina ruwan?” Ìyẹn ni pé omi dà. Ọkùnrin ará Kábbà tó ń gbé lókè mi a máa ní, “Madam, which day we dey travel?” Ìgbà tí omi ẹ̀rọ wá dáwọ́ dúró pátápátá, tí omi tánkà ni gbogbo wa ń gbà, aládùúgbò mi kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ lọ́jà, kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ kùtùkùtù.

“Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Tánkà ti dé, drum wa ti kún. Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ yín gba omi.”

Bí ọkọ̀ bàbá mi ṣe di agbada omi nìyẹn. Wọ́n ń bu omi níbẹ̀, wọ́n ń fọ ìlédìí níbẹ̀. Mo ń bínú, n kò sì lè sọ pé rárá, nítorí èmi náà ń bu níbẹ̀. Kí n má purọ́, láàárín ọdún kan gbáko yẹn, n kò gbé ọkọ̀ náà dé odò kankan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó ń tẹ́ mi lọ́rùn ni pé ọwọ́ mi ló wà, kò sí lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí ọdún bàbá mi ku díẹ̀ kó pé, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi àgbà. Ìlà mẹ́ta péré. Ó ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù náà ni a ó tú igbó ẹja, kí n wá bí ààyè bá gbà mí. “Bí ààyè bá gbà mí!” Mo ka gbólóhùn yẹn títí ó fi ń dà mí láàmú lójú oorun. Mo tọrọ líìfù, mo da omi inú ọkọ̀ nù, mo fi ọ̀dà dí ibi tó sán, mo sì gbéra ní Wẹ́sìdeè kí n lè dé ṣáájú ọjọ́ náà. Ọkọ̀ bàbá mi ni mo fẹ́ wà dé ibi igi náà, lójú gbogbo wọn.

Ní Kwálì mo dúró ra ìkòkò amọ̀ kan tí n ó fi se ẹja, nítorí mo ti pinnu pé n kò ní jẹun nílé ẹ̀gbọ́n mi. Ní Lọ́kọ́ja, ọlọ́pàá kan dá mi dúró, ó yí mọ́tò po lẹ́ẹ̀mejì.

“Madam, wetin be dis?”

“Canoe.”

“Where the particulars?”

Mo sọ fún un pé kó lọ béèrè lọ́wọ́ ẹja. Wákàtí kan ó lé ni ó fi dá mi dúró síbẹ̀ nítorí ẹnu mi. Láti ibẹ̀ títí dé Àkúrẹ́ tí mo sùn, àti láti Àkúrẹ́ títí dé Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ tí n ó sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń tò. Mo ń sọ ọ́ sókè nínú mọ́tò. Mo ń na ìka sí wíńdò. Àwọn tó ń kọjá á ti rò pé orí mi ti dàrú.

Mo dé etí omi Ẹ̀pẹ́ lọ́sàn-án Tọ́sìdeè. Àwọn ọkùnrin méjì bá mi sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Mo ń kó ẹrù sínú rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ìyá arúgbó kan tó máa ń ra ẹja lọ́wọ́ bàbá mi láyé ọjọ́un rí mi, tó sì fi ayọ̀ sáré wá.

“Ọmọ ọ̀rẹ́ mi! Ẹ kú ìnáwó o. A rà nínú ẹja bàbá yín. Òbòkún tó tó báyìí! Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere.”

Mo bi í pé ẹja wo. Ó ní ẹja igbó ẹja bàbá mi, tí wọ́n tú ní Sátidé tó kọjá. Ó ní àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì ló wọ omi, ó ní gbogbo ènìyàn ló ń béèrè mi.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, mo ti ọkọ̀ sómi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àjẹ̀ na omi bí ẹni tó ń na ènìyàn. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi tàn mí jẹ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọjọ́ èké ránṣẹ́ sí mi, kí ọwọ́ mi má baà kan igi bàbá mi. Nígbà tí mo dé iwájú abúlé, mo rí àwọn igi náà tí wọ́n kó jọ sí etí omi, wọ́n ti gbẹ. N kò yà. Mo wà á kọjá, mo lọ sí ibi tí ilẹ̀ yanrìn ti tínrín láàárín ọ̀sà àti òkun, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbé, mo ta tapólì mi sábẹ́ igi àgbọn, mo sì wà níbẹ̀.

Mo pa ẹja níbẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan àti ààbọ̀, èmi àti ọkọ̀ yẹn. Ọ̀dà tí mo fi dí i kò mú dáadáa, nítorí náà bí mo ṣe ń ju ìwọ̀ ni mò ń fi igbá gbọ́n omi. Ọwọ́ mi tí abẹ́rẹ́ ìṣègùn ti mọ́ lára bó. Òbòkún kan fi ẹ̀gún gún mi ní àtàǹpàkò, mo sì bú u tìyá-tìyá. Ṣùgbọ́n mo rí ẹja. Mo rí ẹpìyà, mo rí kúta kékeré kan lápá òkun, mo sè é nínú ìkòkò, mo jókòó sórí yanrìn, mo jẹ ẹ́ tán, kò sì dùn mọ́ mi lẹ́nu. Ẹni tó ń bá ẹ̀gún inú ẹja sọ̀rọ̀ ìbínú kì í gbádùn oúnjẹ. Mo fẹ́ kí wọ́n rí èéfín mi láti abúlé. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo wà níbẹ̀, kí ojú tì wọ́n.

Wọ́n rí i. Ní àárọ̀ Sátidé, ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi gan-an, mo rí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi àgbà tó ń bọ̀. Ìyá mi jókòó sí àárín rẹ̀ bí ẹrù. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo kí wọ́n tó gúnlẹ̀.

“Ìwọ yìí! Ojú kò tì ọ́? Ọjọ́ wo lo kọ sí mi? Ọjọ́ wo lo tú u?”

Ní gbogbo ayé mi, n kò pe ẹ̀gbọ́n mi ní “ìwọ” rí. Ó wò mí, n kò rí ìbínú lójú rẹ̀, ìyẹn sì tún bí mi nínú sí i. Ó fa ìyá wa lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó ní, “Èmi ni mo kọ ọ́. Èmi kọ́ ni mo ní kí n kọ ọ́. Màmá nìyí.” Ó sì ti ọkọ̀ rẹ̀ padà sómi, ó lọ.

Ìyá mi kò jókòó. N kò tíì rí i láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó ti rù. Kò wo ojú mi. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn mi ló ń wò. Ó rìn lọ síbẹ̀, ó fọwọ́ pa ibi tí mo fi ọ̀dà sí.

“Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ ọjọ́ yẹn sí ọ,” ló wí.

Mo ní, “Ẹ̀yin, Màmá? Kí ni mo ṣe yín?”

“Ta ló ni ọkọ̀ yìí?”

“Ti bàbá mi ni.”

“Bàbá rẹ gbẹ́ ẹ fún mi lọ́dún tí mo bí ọ. Èmi ni mo ń fi yá a nígbà tí kò lágbára ọkọ̀ ńlá mọ́. Mo pè ọ́ lọ́jọ́ náà, mo ní gbé e sílẹ̀, tèmi ni. O kò wẹ̀yìn. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ kọ̀wé sí ọ lẹ́ẹ̀mejì.”

Lóòótọ́ ni mo rí lẹ́tà méjèèjì. “Màmá ń béèrè ọkọ̀.” Mo mọ ìkọ̀wé ẹ̀gbọ́n mi, mo sì rò pé ọgbọ́n tó fẹ́ fi gbà á lọ́wọ́ mi ni. Mo ya èkínní. Èkejì, mo fi dá iná sítóòfù.

“Ní abúlé tí a ti ń wa ọkọ̀ lọ kí ará ilé kejì,” ìyá mi ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, “ọdún kan ni mo fi ń bẹ ìyàwó àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ. Bí wọ́n bá ráyè, mo dé ọjà. Bí wọn kò bá ráyè, mo jókòó. Wọ́n sin ọ̀rẹ́ mi lódìkejì omi, mo ń gbọ́ orin wọn láti iwájú ilé. Kí lo fi ń ṣe ní Àbújá?”

Ìlédìí tí wọ́n ń fọ nínú rẹ̀ ló wá sí mi lójú. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kejì, mo sì sọ ọ́, pé a fi ń gba omi tánkà.

Ó mi orí. “Nítorí náà ni mo ṣe ní kí ọwọ́ rẹ má kan igi náà. Kí ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń rí.”

Kí n sọ òtítọ́: ìbínú mi kò lọ. Bí ó ti jẹ̀bi tó, bí mo ti jẹ̀bi tó, mo ṣì rò pé ìyà náà pọ̀ jù. Ọkọ̀ ṣeé dá padà. Igbó ẹja kò ṣeé dá padà. Mo tú tapólì mi, mo ń sọ ẹrù sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ariwo kó lè mọ̀ pé inú ń bí mi. Mo wá nawọ́ mú àjẹ̀, mo ní kó wọlé kí n gbé e dé ilé.

“Fún mi,” ló wí.

Ó gba àjẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó jókòó sí ìdí ọkọ̀, èmi sì lọ jókòó síwájú bí ọmọdé. Kò gbé mi lọ sílé. Ó wà mí kọjá abúlé, ó kọjá ibi tí igbó ẹja bàbá mi wà, níbi tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti ń ri igi tuntun mọ́lẹ̀, kò sì dẹ̀ jẹ́ kí ọkọ̀ yà sápá ibẹ̀. Mo ń gbọ́n omi. Èémí rẹ̀ ń ṣe hẹ̀hẹ̀ lẹ́yìn mi, ṣùgbọ́n kò fún mi ní àjẹ̀ náà títí a fi dé Ẹ̀pẹ́, níbi tí mo fi mọ́tò mi sí. Mo kó ẹrù mi bọ́ sílẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti Gárkì wá. Kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó wúlò. Ó yí ọkọ̀ padà, ó ń wà á lọ, pẹ̀lú bí omi ti ń wọ inú rẹ̀.

“Màmá, ẹ máa gbọ́n ọn o!” ni mo pariwo.

Ó ní òun mọ ọkọ̀ òun.