Ìyá Abẹ́rẹ́ Níwájú Ilà Pupa

Àbúrò mi obìnrin kì í na nǹkan sí èèyàn, ńṣe ló máa ń gbé e lé ọ lọ́wọ́ pàá! Bí o bá ní kó bá ọ mú ṣíbí, ìdí ṣíbí á ti kàn ọ́ látẹ́lẹwọ́ kí o tó sọ̀rọ̀ tán. Bó bá jẹ́ ọ̀bẹ, èèkù ló máa kọ sí ọ, ẹnu tó mú á wà lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ọkọ rẹ̀ a máa sọ pé, "Ìyàwó mi, oúnjẹ ni mo fẹ́ jẹ o, mi ò fẹ́ la ẹnikẹ́ni."

Nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ ni. Òun ló ń dúró ti dókítà, tó ń gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́: ọ̀bẹ, àlùmọ́gàjí, ẹ̀mú tí wọ́n fi ń di iṣan pa, àti abẹ́rẹ́. Ìyá Abẹ́rẹ́ ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é, nítorí wọn kò gbọdọ̀ pa ikùn aláìsàn dé bí ojú rẹ̀ kò bá tíì kan gbogbo abẹ́rẹ́ tó gbé jáde.

Ohun kejì tí kì í fi ṣeré ni ilà pupa tí wọ́n fi ọ̀dà fà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Ẹni tó bá wọ bàtà ìta kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Ó ti dá pásítọ̀ wa dúró níbẹ̀ rí, tòun ti Bíbélì lọ́wọ́. "Baba, àdúrà lè kọjá o, bàtà ni ò lè kọjá." Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbàdúrà níbi tí wọ́n dúró sí.

Ní ti inú rírun Màámi, mo gbàdúrà sí i títí ó fi rẹ̀ mí. N kò ní purọ́: mo retí kó lọ, kò lọ. Àyẹ̀wò wá fi hàn pé òkúta ti kún inú àpò òróòro wọn. Dókítà ní bí àpò náà bá bẹ́ sí wọn nínú, ó lè gba ẹ̀mí wọn, àfi kí wọ́n tètè yọ ọ́.

"Ta ló rí mi níbi tí mo ti ń jẹ òkúta?" ni Màámi sọ. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Ó dáa. Àmọ́ bí kì í bá ṣe ọmọ mi ló ń gbé ọ̀bẹ fún wọn, ẹnikẹ́ni ò ní là mí."

Òfin ibẹ̀ sì ni pé nọ́ọ̀sì kì í dúró níbi tí wọ́n bá ti ń la ìyá rẹ̀. Àbúrò mi ì bá purọ́. Màámi á ṣáà ti sùn fọnfọn. Kò purọ́.

"Màámi, mi ò ní sí níbẹ̀."

"Á jẹ́ pé mi ò lọ nìyẹn."

Ló bá mú nọ́ọ̀sì tí yóò dípò rẹ̀ wá sílé. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́, ó sì sọ ọ́ ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nítorí kì í kánjú. Ojoojúmọ́ ló ń jágbe mọ́ ọn pé, "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ṣé aláìsàn máa dúró dè ọ́ ni?" Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí Màámi. Màámi na ẹ̀wù tí bọ́tìnnì rẹ̀ já sí i, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú.

"Rán an kí n rí ọwọ́ ẹ."

"Mama, èmi kọ́ ni mo máa ń rán èèyàn o. Dókítà ló ń rán, èmi ni mo ń gbé abẹ́rẹ́ fún wọn. Abẹ́rẹ́ tiwa ò tiẹ̀ lójú, ara ẹ̀ ni wọ́n ti so òwú mọ́."

"Abẹ́rẹ́ tí ò lójú! Báwo ló ṣe máa mọ̀nà nínú mi?"

"Ojú tèmi ló máa ń bá a lọ, Mama."

"Ṣé o máa ń kánjú?"

"Rárá, Mama. Ohun tí wọ́n fi ń bú mi nìyẹn."

Màámi wo ọmọ wọn, wọ́n wo àlejò. "Èyí tí kì í kánjú yìí ni mo fẹ́."

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún díẹ̀.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, àwa méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Mo ń gbàdúrà, àmọ́ ọ̀rọ̀ mi ò ga ju àjà lọ. Mo ń bi Ọlọ́run pé, obìnrin tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ pè Ọ́, kí ni òkúta ń wá nínú rẹ̀? Kò dá mi lóhùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọwọ́ àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ lórí itan rẹ̀, ó ń gbé irinṣẹ́ tí kò sí fún dókítà tí kò sí. Mo jowú rẹ̀. Ó kéré tán, ó mọ ohun tí ọwọ́ òun ì bá máa ṣe.

Ni dókítà tó yẹ kó wà nínú bá ń kọjá lọ níwájú wa, ife tíì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dókítà! Ta ló wá ń ṣiṣẹ́ nínú?"

"Ẹ má bínú, Ìyá Abẹ́rẹ́. Wọ́n pè mí sọ́dọ̀ aláboyún kan tó ń rọbí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí báyìí ni. Dókítà tuntun yẹn ló ń bá mi ṣe é."

Àbúrò mi dìde fùú. "Ọlọ́wọ́ òsì ni! Èmi nìkan ló sì ń bá a ṣiṣẹ́ látìgbà tó ti dé. Mi ò kọ́ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí wọ́n ṣe ń gbé abẹ́rẹ́ fún ọlọ́wọ́ òsì!"

Abẹ́rẹ́ wọn tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Bí nọ́ọ̀sì bá fi ẹ̀mú dì í mú, ibi tí ẹnu rẹ̀ máa kọ sí fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún kọ́ ló máa kọ sí fún ọlọ́wọ́ òsì. Bí kò bá yí i, dókítà ló máa fi ọwọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ti mú kó máa yọ̀ yí i fúnra rẹ̀, níbi tí kò ti yẹ kí ohunkóhun yọ̀.

Ó sáré dé ibi ilà pupa, ó sì dúró gbagidi. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà náà.

"Kọjá!" Èmi tí mò ń gbàdúrà ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

"Bàtà ìta ni mo wọ̀, Bọ̀ọ̀dá mi." Omi ti kún ojú rẹ̀.

Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ inú lọ́hùn-ún ló yọjú. Àbúrò mi rán an wọlé pé kó sọ fún Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó yí abẹ́rẹ́. Nígbà tó yá, obìnrin náà padà dé.

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní kí n kí yín."

"Abẹ́rẹ́ ń kọ́?"

"Ó ní òun ti yí i, látìgbà tí òun ti rí ọwọ́ tí dókítà kọ́kọ́ nà. Ó ní kí ẹ lọ jókòó, Ìyá Abẹ́rẹ́. Ó ní ẹ ti ń kánjú jù."

Àbúrò mi la ẹnu, ẹ̀rín ló jáde. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó padà wá jókòó, ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé itan, wọn ò sì ṣiṣẹ́ mọ́.

"Ẹ máa gbàdúrà yín lọ, Bọ̀ọ̀dá mi. Màá máa ṣe àmín."

Mi ò tíì rí ìdáhùn sí ohun tí mo bi Ọlọ́run. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ àdúrà náà látìbẹ̀rẹ̀, torí ẹnì kan ń ṣe àmín.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fúnra rẹ̀ ló ti Màámi jáde lórí bẹ́ẹ̀dì oníkẹ̀kẹ́. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àbúrò mi ti kúnlẹ̀ fún un, ọmọ tí òun fi ọ̀pọ̀ ọdún dàgbà jù. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ figbe bọnu: "Háà, Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde!"

Igbe yìí ló jí Màámi. Oògùn oorun ṣì wà lẹ́nu wọn.

"Ṣé ọmọ mi jẹ́ kẹ́ ẹ ráyè ṣiṣẹ́?"

"Mama, wọ́n ránṣẹ́ wọlé."

"Mo mọ̀!" Ẹ̀rín fẹ́ pa Màámi, wọ́n yára gbọ́wọ́ lé ikùn. "Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín o. Ẹ ó tú mi."