Ohùn Tó Wà Nínú Síídì Ìdánrawò

Olúfúnmiláyọ̀ Aríbisálà kì í fojú fo àṣìṣe ẹnikẹ́ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi tọ́jú fáìlì ní iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Aláùsá, ọ̀gá mẹ́sàn-án ló wá bá a níbẹ̀ tí wọ́n sì tún lọ, kò sì sí èyí tí kò bẹ̀rù rẹ̀ nínú wọn. Bí ẹnì kan bá mú fáìlì láìfọwọ́ sí ìwé, á tẹ̀lé e dé orí àga rẹ̀, á dúró tì í gbọnin títí onítọ̀hún yóò fi fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìntì, wọ́n ní inú àwọn tó ń sìn ín jáde dùn ju inú òun alára lọ.

Ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni. Ẹgbẹ́dá ló háyà ilé sí, òun nìkan ló ń gbébẹ̀, torí ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì sì ti wà nílé ọkọ. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan tí kò jìnnà sílé ló ń lọ, kúáyà ló sì wà níbẹ̀ láti ọdún 1996.

Lọ́dún tó kọjá, Fíkà, àlùfáà ìjọ náà, pè é wọ ọ́fíìsì. Kọ́bọ́ọ̀dù kan wà lẹ́yìn yàrá tí kúáyà ti ń wọṣọ, síídì ló kún inú rẹ̀ bámúbámú: gbogbo orin tí kúáyà kọ láti 1998 títí dé 2013, igba síídì ó lé mẹ́tàdínlógún. Fíkà ti ra rédíò kékeré méjìlá, irú èyí tí ń lo mẹ́mọ́rì, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó fẹ́ kí wọ́n da orin inú síídì wọ̀nyẹn sínú rẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà méjìlá tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

"Mọ́mì, ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ tó lè to irú nǹkan báyìí," ni Fíkà wí.

"Mo mọ̀," ni Olúfúnmiláyọ̀ fèsì.

Láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kò ní ojú síídì, ló bá lọ sí Ìyànà Ìpájà, sọ́dọ̀ Al-Ameen, ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe tó sì ń ta mẹ́mọ́rì nísàlẹ̀ afárá ẹlẹ́sẹ̀. Al-Ameen ta ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan fún un tí wọ́n ń kì bọ láptọ́ọ̀pù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó dé ilé, ó da síídì àkọ́kọ́ wọlé. Orin mẹ́wàá jáde, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ kankan níbẹ̀. "Track 01", "Track 02", bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ dé ìsàlẹ̀, "Unknown Artist" sì wà níwájú ìkọ̀ọ̀kan. Síídì kejì, bákan náà. Lọ́jọ́ kejì, ó padà sí Ìyànà Ìpájà pẹ̀lú ìbínú.

"Ẹ̀rọ tí o tà fún mi ò dáa. Gbogbo orin ló ń pè ní orúkọ kan náà."

"Mọ́mì, kò lè mọ orúkọ wọn jàre. Síídì ṣọ́ọ̀ṣì yín ni, kì í ṣe ti ọjà. Ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́ fún un."

"Kí ló dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀ lánàá?"

"Ẹ ò bi mí, mà."

Al-Ameen náà ló là á yé e pé nọ́ńbà ni rédíò kékeré yẹn ń tẹ̀lé, àti pé bí kò bá fi òdo ṣíwájú, orin kẹwàá yóò máa kọ ṣáájú orin kejì. Ni Olúfúnmiláyọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ láti 0001. Ó ṣí fódà kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Ó tún pinnu láti tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde ní lẹ́tà gàdàgbà: nọ́ńbà orin, orúkọ rẹ̀, ọdún tí wọ́n kọ ọ́, àti ẹni tó dá a.

Oṣù mẹ́rin ló fi ṣe é. Síídì kan ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́fà kó tó wọlé tán. Bí ó bá ti wọlé, á gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ orin kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n tó lè jẹ́ kó mọ orin náà àti ohùn ẹni tó dá a, á tẹ orúkọ, á bọ́ sórí òmíràn. Ó dá ohùn àwọn tó ti kú mọ̀, ó dá ti àwọn tó ti kó lọ sí òkè òkun mọ̀. Fíkà rán ọ̀dọ́ méjì láti kúáyà wá ràn án lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn kọ orúkọ olóògbé kan láìfi àmì sí i, ló bá lé àwọn méjèèjì.

Orúkọ kan ṣoṣo wà tí kò kọ.

Susanna Akíndúró ni, ọmọ Oǹdó, tí Olúfúnmiláyọ̀ fi ọdún méje jù lọ. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ ló máa ń dá orin Àjíǹde ní ọdọọdún, títí di ọdún 2009 tí Bọ̀dá Charles, ọ̀gá kúáyà ìgbà náà, gba orin ọ̀hún lọ́wọ́ rẹ̀ tó gbé e fún Susanna. Olúfúnmiláyọ̀ gbà pé Susanna ló gba ẹ̀yìn lọ bá Charles. Láti ọjọ́ náà, wọn kò kí ara wọn mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi Olúfúnmiláyọ̀, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Èmi ò bá a jà o. Ọ̀rọ̀ kan ò jáde lẹ́nu mi. Ọlọ́run ni mo fà á lé lọ́wọ́." Ó sọ ọ́ títí ó fi gba ara rẹ̀ gbọ́.

Orin mẹ́tàlélógójì ni Susanna dá nínú àwọn síídì náà. Olúfúnmiláyọ̀ fi nọ́ńbà sí wọn, ṣùgbọ́n ó fi "Unknown Artist" sílẹ̀ níwájú wọn bí láptọ́ọ̀pù ṣe gbé e wá. Nígbà tó ń tẹ ìwé pẹlẹbẹ, ó kọ ọ́ síwájú wọn lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélógójì pé "A kò mọ olórin". Ó mọ̀ pé irọ́ ni.

Lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n pín rédíò náà, Fíkà yìn ín lórí pẹpẹ, ìjọ pàtẹ́wọ́. Susanna mú ìwé náà lórí ìjókòó kúáyà, ó ń ṣí i, ó ń fi ìka tọ ojú ewé sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pa á dé.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ Túsìdeè, ní ọ̀sán gangan, Susanna kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ẹ káàsán, Sister Fúnmi."

"Kí lo wá ṣe níbí?"

"Mo fẹ́ rí yín."

"Bó bá jẹ́ torí orúkọ ẹ ni, mo ti tẹ ìwé yẹn tán. Ẹni tí mi ò bá dá ohùn ẹ̀ mọ̀..."

"Ẹ fi ti orúkọ sílẹ̀ ná." Susanna ti wọlé, kò dúró kí wọ́n ní kó jókòó. "Nọ́ńbà 1264. Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Ìdánrawò ọdún 2009 ni. Mo kọ ọ́ síbẹ̀."

"Mo ní ṣé ẹ gbọ́ ọ tán. Àbí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nìkan lẹ gbọ́?"

Susanna yọ rédíò kékeré kan nínú báàgì, èyí tí wọ́n fún ìyá rẹ̀, arúgbó ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún tó ń gbé ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n gbọ́ kúáyà tó ń parí ẹsẹ orin kan. Wọ́n gbọ́ ariwo àga, àti Bọ̀dá Charles tó ń ní kí wọ́n lọ mu omi. Ẹni tó yẹ kó pa ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ kò pa á. Lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin kan jáde, nítòsí ẹ̀rọ gan-an, ketekete:

"Ẹ jẹ́ kó máa gbé orin náà kiri. Ẹni tí kò rí ọmọ gbé pọ̀n, kí ni ì bá gbé pọ̀n bí kò ṣe ohùn? Ọlọ́run mọ ìdí tó fi ti ikùn ẹ̀ pa."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì dákẹ́ lójijì. Kò sí ariwo àga mọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí dùùrù tó bẹ̀rẹ̀. Susanna wá gbé orin Àjíǹde sókè, ohùn rẹ̀ kò mì, kò sì já, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.

Susanna pa rédíò náà.

"Ẹ̀yìn yín gan-an ni mo dúró sí lọ́jọ́ yẹn. Oyún kẹta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lára mi, kò tíì pé oṣù kan. Màmá mi ò mọ ohun tí ẹ sọ sí mi. Ọdún gbogbo yìí, mi ò jẹ́ kó mọ̀. Láàárọ̀ àná, ó wà lórí ibùsùn, ó ń gbọ́ orin tí ẹ tò fún un. Ó pè mí. Ó ní, 'Susanna, ta ni obìnrin yìí, ta ló ń bú báyìí?' Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní mò ń purọ́, torí orin tó tẹ̀lé èébú yẹn, ohùn ọmọ òun ni."

"Mi ò rántí pé mo sọ ọ́."

"Èmi rántí."

"Ìwọ lo kọ́kọ́ ṣe mí! Ìwọ lo lọ bá Charles pé ohùn mi ti gbó!"

"Mi ò bá ẹnì kankan. Bọ̀dá Charles ló pè mí. Ó ní ọdún kejì rèé tí ohùn yín ti ń sá kúrò lára dùùrù, ojú yín ló ń tì í láti sọ ọ́ fún yín."

"Jáde nílé mi."

"Mò ń lọ. Ilé méjìlá ni ẹ gbé e lọ, Sister Fúnmi. Ẹ lọ gbà á padà." Ó mú rédíò ìyá rẹ̀, ó sì jáde.

Olúfúnmiláyọ̀ jókòó ti láptọ́ọ̀pù. Ó tún un gbọ́. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni láti sọ pé ohùn ẹlòmíràn ni. Ó rò ó wò, orí ta ni yóò fi í lé? Ṣùgbọ́n òun tó dá ohùn òkú mọ̀ fún odindi oṣù mẹ́rin, tí ìjọ sì pàtẹ́wọ́ fún un lórí ẹ̀, ta ni yóò gbà pé kò dá ti ara rẹ̀ mọ̀? Inú ń bí i sí Susanna, inú ń bí i sí Charles, inú sì ń bí i sí ẹni tí kò pa ẹ̀rọ. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì tó ti wà ní Ìyànà Ìpájà.

Al-Ameen kì ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ orin sétí kó lè mọ ibi tí yóò ti gé e. Bó ṣe gbọ́ ọ, ó gbójú sókè.

"Mọ́mì, ṣé ohùn yín kọ́ nì—"

"Gé e."

Ó gé e. Wọ́n da orin sínú mẹ́mọ́rì tuntun méjìlá. Nígbà tó ń kó wọn lé e lọ́wọ́, tábìlì ló ń wò. Olúfúnmiláyọ̀ padà sílé, ó fi orúkọ sí orin mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógójì, ó sì tún ìwé pẹlẹbẹ tẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gun kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Ẹgbẹ́dá dé Ìgandò, ó ń wọlé, ó ń jáde. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbàlagbà náà kò tíì dé nọ́ńbà 1264. Ó pààrọ̀ mẹ́mọ́rì wọn, ó ní àṣìṣe wà nínú ti àkọ́kọ́. Àmọ́ ní Egan, Pa Julius, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìntì láti ọjọ́ pípẹ́, ti gbọ́ ọ.

"Obìnrin tó ń bú ènìyàn níbẹ̀ yẹn, ta ni?"

Olúfúnmiláyọ̀ di rédíò náà mú. "Èmi ni, sà."

"Mo ti mọ̀. Mo fẹ́ wò ó bóyá wàá purọ́ ni." Baba yíjú sí ògiri.

Ìṣẹ̀rí-Olófin ló fi kẹ́yìn. Susanna ló ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Arúgbó náà wà lórí ibùsùn létí fèrèsé, rédíò wà lórí ìrọ̀rí. Olúfúnmiláyọ̀ kúnlẹ̀.

"Dìde," ni ìyá náà wí. "Má kúnlẹ̀ fún mi. Má sì jókòó."

Ó dìde dúró.

"Mo ti gé ọ̀rọ̀ yẹn kúrò, mà. Mẹ́mọ́rì tuntun ni mo mú wá."

"O gé e kúrò nínú rédíò. Ó ti wọ etí mi. Ọ̀bẹ wo lo fẹ́ fi gé tinú etí?"

Olúfúnmiláyọ̀ wo mẹ́mọ́rì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n ní o kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ kò mọ ẹni tó ń kọrin. Kí lo wá kọ báyìí?"

"Susanna Akíndúró, mà."

"Ìgbà wo lo tó mọ̀ pé òun ni?"

Susanna wà lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ sáyà. Olúfúnmiláyọ̀ yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Mo ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, mà."

"Ó dáa. Fi nǹkan ẹ sí i."

Ó pààrọ̀ mẹ́mọ́rì náà, ó sì tẹ 1264 bí arúgbó náà ṣe ní kó tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ orin parí, dùùrù tẹ̀lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ohùn Susanna sì gbòde. Ìyá náà dijú. Kò sẹ́ni tó ní kí Olúfúnmiláyọ̀ máa lọ, kò sì sẹ́ni tó ní kó dúró. Ó dúró síbẹ̀, báàgì rẹ̀ lọ́wọ́, títí orin fi tán.

"Susanna, bá mi tún un tẹ̀," ni arúgbó náà wí.

Susanna kọjá níwájú rẹ̀, ó tún un tẹ̀, ó sì lọ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. "Ẹ máa lọ, Sister Fúnmi."

Fíkà gbọ́. Ó ní òun fẹ́ pe àwọn méjèèjì sí ọ́fíìsì láti parí ìjà. Susanna ní òun kò wá. Nígbà tí wọ́n bi Olúfúnmiláyọ̀, òun náà ní kí wọ́n fi Susanna sílẹ̀, pé ẹni tí wọ́n bú kọ́ ló yẹ kí wọ́n máa pè. Lóṣù tó tẹ̀lé e, ó fi kúáyà sílẹ̀. Orí àga tó wà nítòsí ilẹ̀kùn ńlá ló ń jókòó sí báyìí, níbi tí kúáyà máa ń gbà kọjá wọlé. Láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú, bí Susanna bá ti ń bọ̀, òun tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ kí i: "Susanna, ẹ káàárọ̀."

Susanna kò tíì dá a lóhùn rí.