Ọmọ-ìyá ni "Travel" àti "Travail"

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, mo sì ń ṣe tíṣà ní Ìlá. Nígbà tí oṣù ìyàwó mi pé, ó lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìgbájọ láti bí àkọ́bí wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, dírẹ́bà akẹ́rù kan tó ti Ìgbájọ wá dúró lẹ́nu ọgbà ilé-ìwé. Ó ní kí n má fòyà, àmọ́ ìyàwó mi ti ń rọbí láti àná. Mo lọ tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá wa. Ó ní kí n ní sùúrù títí a ó fi jáde, nítorí ọmọ ti pọ̀ ju tíṣà lọ, kò sẹ́ni tí yóò dúró fún mi.

Mo fún àwọn ọmọ ní ìṣirò. Mi ò lè jókòó. Mo dé ojú fèrèsé, mo padà, mo nu pátákó tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ńlá tó wà lórí tábìlì, mo wá "travail", ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ fún ìrọbí bí wọ́n bá ń kàwé lédè Gẹ̀ẹ́sì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé náà ń tọ orírun ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìdílé. Ó ní ọmọ-ìyá ni ọ̀rọ̀ náà àti "travel", ìyẹn ìrìnàjò. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni méjèèjì ti wá, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ làálàá, àti pé ìyá-ìyá wọn ni orúkọ ohun èlò onígi mẹ́ta kan tí wọ́n fi ń dá ènìyàn lóró láyé àtijọ́.

Mo pa ìwé náà dé. Ara mi kò gbà á mọ́. Mo ní kí olórí kíláàsì máa ṣọ́ àwọn yòókù, mo gun kẹ̀kẹ́ mi, mi ò dágbére fún ọ̀gá.

Mi ò sọ̀ kalẹ̀ títí mo fi kọjá Ọ̀tan. Nígbà tí òkè bẹ̀rẹ̀, mo ń ti kẹ̀kẹ́, mo ń bá ara mi jiyàn pé èdè tiwa kò so ìrìnàjò mọ́ ìrọbí rárá.

Ìyá ìyàwó mi ń sá aṣọ níwájú ilé. Ó rí eruku ara mi.

"Tíṣà, ẹ kú ewu ọ̀nà," ló wí. "Obìnrin ni. Àlàáfíà ni àwọn méjèèjì wà."

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, ẹ kú ewu ọmọ."

Orí ìdọ̀bálẹ̀ ni mo wà tí ohun tí àwa méjèèjì sọ fi yé mi. Ewu kan náà la fi ń kí arìnrìn-àjò àti abiyamọ. Láti kékeré ni mo ti ń kí i, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò rí.

Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ìyàwó mi, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ bi mí ta ló wà ní kíláàsì mi. Mo parọ́ fún un. Lẹ́tà ìkìlọ̀ tí ọ̀gá kọ sí mi lọ́jọ́ kejì ló tú mi fó. Lọ́jọ́ tí mo dé yẹn, ìyàwó mi ní kí n jókòó, pé ìdúró mi ń rẹ òun. Mo jókòó. Wọ́n gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, mo tún dìde.