Oògùn Ìrora Alàgbà

Ẹnu ìyá àgbà kan tí yàrá wọn kọjú sí ti àbúrò bàbá mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Lokogoma. Ìyá náà kò lè rìn mọ́, ṣùgbọ́n ojú wọn ń ríran ju ti ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì lọ.

Wọ́n ní, "Kai! Ọmọ mi, ṣé ẹ̀yin lẹ ni alàgbà yìí? Ẹ gbé e lọ kó kú sílé. Nọ́ọ̀sì ti ń ta oògùn rẹ̀."

Alàgbà ìjọ ni àbúrò bàbá mi, jẹjẹrẹ sì ti wọ egungun wọn nígbà náà. Mọ́fíìnì nìkan ló ń jẹ́ kí wọ́n fojú kan oorun. Inú kọ́bọ́ọ̀dù irin ni oògùn náà ń gbé, ọrùn nọ́ọ̀sì àgbà ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé, kí olè má baà jí i. Wọ́n fi ológbò ṣọ́ ọjà ẹja Kado.

Dókítà ti ní kí wọ́n fún bàbá nígbàkígbà tí bàbá fúnra wọn bá ní ìrora dé. Nọ́ọ̀sì á wá dúró títí àdúrà àárọ̀ á fi parí, lójú gbogbo arúgbó, á ní, "Bàbá alàgbà, ṣé ara ń ro yín?" Ó mọ̀ pé ẹni tó ti ń gbàdúrà ìwòsàn fún ìjọ láti ìgbà èwe kò ní yanu sọ pé òun ń jẹ̀rora. Alàgbà á ní, "A dúpẹ́." Ó parí. Nọ́ọ̀sì á da oògùn bàbá sínú ike, á sọ ọ́ sínú báàgì. Àwọn tó ń rà á fi yó ń dúró dè é níta.

Mo bá nọ́ọ̀sì lọ́fíìsì. N kò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tó ti bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá mi, ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìyá tó pè mí ní ìyàwó ọmọ rẹ̀ lánàá? Ẹ jẹ́ ká lọ bi bàbá fúnra wọn."

Ó dúró níwájú àga oníkẹ̀kẹ́ wọn ní pálọ̀, ó gbóhùn sókè. "Bàbá alàgbà wa, ọmọ yín ní ìrora fẹ́ pa yín. Ṣé ìgbàgbọ́ ti tán ni? Ṣé ara ń ro yín, sà?"

Àgbà kan lẹ́yìn ti ṣe àmín láìgbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Òógùn bo iwájú orí alàgbà. Wọ́n fi eyín di etí aṣọ ìbora mú, wọ́n tú u sílẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́."

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa," ni alàgbà wí. "Ara ń le."

Ìyá àgbà náà pòṣé láti orí àga wọn. "Ẹ kú irọ́ o, alàgbà. Ọ̀run ń gbọ́ yín."

Nọ́ọ̀sì ti kọ́kọ́rọ́ bọ abẹ́ aṣọ, ó ní kí n máa rọra lọ.

Ibòmíràn ni mo ń wá kiri fún bàbá tí wọ́n fi pè mí kí n wá gbé òkú. Etí aṣọ ìbora yẹn, bàbá ti fi eyín jẹ ẹ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, tí mo bá kí yín nísinsìnyí pé ṣé àlàáfíà ni, kí lẹ máa dá mi lóhùn?