Òkèlè Ìkẹyìn Wening

Bí mo bá fi ẹyọ irọ́ kan bọ inú ìtàn yìí, kí òkè Sumbing tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Java ṣí nídìí, kó wá jókòó lé mi láyà. Òótọ́ pọ́ńbélé ni, látorí délẹ̀.

Wening kò tíì lè nu imú ara rẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, tí Partinah ìyá rẹ̀ sì wọkọ̀ lọ sí Taiwan lọ tọ́jú arúgbó olówó. Sukarti, àbúrò Partinah, ló gba ọmọ náà tọ́. Ìgbà tí Partinah yóò fi padà dé, ọmọ ti di wúńdíá, ọkọ ti ń kan ilẹ̀kùn. Sukarti ló ń pè ní Mak, ìyẹn màmá. Ibu ló ń pe ìyá tó bí i, bí ẹni ń kí ìyàwó olórí abúlé.

Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ìgbéyàwó bá ku ọ̀la, tí wọ́n sì wẹ ìyàwó tán, ìyá rẹ̀ a fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ ní òkèlè kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ó parí, ọmọ ti bọ́ lọ́wọ́ ìyá. Òkèlè yìí ni Partinah torí ẹ̀ padà wálé. Ó bá Wening nídìí kànga.

"Ta ló máa bọ́ ẹ lọ́jọ́ náà?"

"Ohun tí Mak bá ti sọ ni, Ibu."

"Ṣé èmi kọ́ ni Mak ni?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó gbé korobá rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Partinah rántí pé nígbà tí Wening ń di ìdí ìró òun mú kiri ilé ìdáná, a máa ṣa ewé sẹ́lẹ́rì inú ọbẹ̀ adìẹ jẹ bí ewúrẹ́. Ó ní òun yóò gbìn ín, òun yóò sì fi bọ́ ọ. Irúgbìn sẹ́lẹ́rì kúnná ju áṣáà lọ. Bí o bá sín lé e lórí, oko rẹ ti di ti aládùúgbò. Ó gbìn ín sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, níbi tí oòrùn kò dé. Ó pẹ́ kó tó hù. Nígbà tó hù, ó tú u sínú àwọn korobá ọ̀dà àtijọ́, ó tò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà dé kànga.

Ẹ̀ẹ̀rùn mú. Kànga gbẹ, ìsun omi di bí òwú abẹ́rẹ́, gbogbo èèyàn sì ń tò síbẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́.

"Partinah, ewé rẹ yìí mà ń mu ju ẹṣin lọ," obìnrin kan wí lórí ìlà.

"Bí kò bá mu, kíkorò ló máa korò."

"Ká ní o bomi rin ọmọ báyìí ni, kì bá tí korò sí ẹ."

Ìlà omi bú sẹ́rìn-ín. Partinah bá wọn rín in, ó pọn omi rẹ̀ lọ.

Sẹ́lẹ́rì náà rúwé gan-an. Ó ga dé orúnkún mi, àwọn tó ń wakọ̀ tábà kọjá sì ń dúró, wọ́n ń béèrè ilé tí wọ́n ti ń se ọbẹ̀. Ní abúlé wa, a kì í fi ewé ọbẹ̀ du aládùúgbò. Partinah fi dù wọ́n. "Ti Wening ni," lohun tó ń sọ. Ẹnu wọn kò sì dákẹ́ lára rẹ̀.

Ọ̀pá ẹ̀bá là ń gé lára sẹ́lẹ́rì, a ó dá ọkàn rẹ̀ sí kó lè tún rú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìwẹ̀ ìyàwó, kí ìrì tó gbẹ, Partinah gé tọkàn tẹ̀bá. Ó gbé agbọ̀n náà wọ ilé ìdáná níbi tí àwọn obìnrin ti ń dáná àsè. Sukarti wo agbọ̀n náà títí.

"Gbogbo èyí, Mbak?" ó bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ti Wening ni."

Sukarti la ẹnu, ó tún pa á dé. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ bí i, Mbak. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bọ́ ọ."

Ìjà tí Partinah ti múra sílẹ̀ fún yọ́ mọ́ ọn nínú.

Ní ọ̀sán, Mbah Sarinten, arúgbó tó ń wẹ àwọn ìyàwó wa, di abọ́ mú. Partinah bu ìrẹsì, ó fi adìẹ sí i, ó kó ewé lé e títí ó fi bo òkèlè náà mọ́lẹ̀.

"La ẹnu, ọmọ mi."

Wening pa ètè pọ̀. "Ẹ má bínú, Ibu. Mi ò kí ń jẹ ewé yẹn. Èébì ló máa ń gbé wá."

"Àtìgbà wo?"

"Àtìgbà tí mo ti gbọ́njú."

"Gbogbo àdúgbò ló mọ̀," Mbah Sarinten wí jẹ́jẹ́.

Sukarti sún mọ́ wọn. Ó gba òkèlè náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń ṣa ewé kúrò lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ohun tó ti mọ́ ọn lọ́wọ́ tipẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dé ẹnu tí Wening ti la á.

"O rí agbọ̀n mi láàárọ̀," Partinah wí. "O mọ̀, o sì dákẹ́."

"Ẹ ò bi mí, Mbak."

Wening jẹ òkèlè náà, ó gbé e mì, ó sì kúnlẹ̀ níwájú Sukarti. Nígbà tó dìde, ó kúnlẹ̀ fún Partinah náà, bí wọ́n ti ń kúnlẹ̀ fún àlejò pàtàkì.

Ẹni tó bá ń jiyàn, kó gòkè wá. Mbah Sarinten ṣì wà láàyè, etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ dáadáa, òun náà ló sì di abọ́ yẹn mú.