Bútà Idẹ Ìyá Mi

Tí mo bá gbọ́ òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n pò mọ́ eérú, Bàrígà ni ọkàn mi máa ń lọ, sí ẹ̀yìn ilé wa, níbi tí ìyá mi ti máa ń tẹ́ àpò sílẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ láti fọ àwọn ohun èlò idẹ wọn. Òórùn náà a máa tani nímú, a sì lẹ̀ mọ́ ìka títí di alẹ́. Idẹ wọn pọ̀ nígbà náà: àwo ńlá tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ fún àlejò, ọpọ́n kan, ẹ̀gbà ọwọ́, àti bútà tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ti kó wọn wá, láti ọwọ́ ìyá tiwọn. Lójú èmi ọmọdé, gbogbo ohun tó bá ti ń dán ni idẹ: ẹnu ẹ̀rọ omi, kọ́kọ́rọ́, títí kan fèrè tí àwọn ọmọ ìjọ kan máa ń fọn kọjá ládùúgbò wa lọ́jọ́ Àìkú. Mo tiẹ̀ bi ìyá mi léèrè rí bóyá idẹ ni òṣùpá. Wọ́n ní kí n máa fọ àwo lọ.

Àṣà ilé wa ni pé ọmọbìnrin tó bá ń lọ ilé ọkọ a mú idẹ kan nínú ẹrù ìyá rẹ̀ dání. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti kó tiwọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan èmi àbígbẹ̀yìn, bútà nìkan ló kù. Mo ní kí wọ́n máa lò ó, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ó wù mí gan-an. Ìyá mi fi ìborùn wọn wé e, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, “Ṣé kí ara ilé ọkọ ẹ wá sọ pé lọ́wọ́ òfo ni mo fi ọmọ mi ránṣẹ́ ni?” Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ra bútà oníke sílé.

Bajulaiye ní Ṣómólú ni ilé ọkọ mi wà. Béèyàn bá wọ kéké láti Bàrígà, kò ní pẹ́ débẹ̀, síbẹ̀ ṣe ló dà bíi pé mo ti sọdá òkun. Àwọn atẹ̀wé ló yí wa ká, òórùn tàdáwà wọn kì í kúrò nínú aṣọ tí a bá sá síta. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé mi ò lè jí mọ́. Ní ilé wa, ní ìdájí, ìyá mi á ṣe àlùwàlá tán, wọ́n á gbé bútà kalẹ̀ lórí símẹ́ǹtì ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbàn-ún, ojú mi á là. Ohùn ladani ti mọ́ wa létí jù, kò jí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ní ilé ọkọ, èmi gan-an ni mo ń gbé bútà kalẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jí kí n tó lè gbé e. Ìgbà tí oòrùn bá ti yọ ni ojú mi máa ń là, àárò ilé á sì gbà mí lọ́kàn débi pé mo máa ń sunkún sórí ìrọ̀rí.

Kò pẹ́ tí ayálégbé ìyá mi kan, bàbá àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní òpópónà wa ní Ṣómólú, fi yà sọ́dọ̀ mi. Kò tiẹ̀ jókòó. Ó ní, “Ìyàwó, jọ̀ọ́, bá wa dá bútà màmá ẹ padà. Láti ọjọ́ tó o ti gbé e lọ, gbogbo ilé ló ń sùn gbàgbé. Ọ̀gá mi ní tí mo bá tún pẹ́ dé, kí n kúkú máa gbélé.”

Mo rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ nígbà tó lọ, ẹ̀rín náà kò dùn mọ́ mi mọ́. Iṣẹ́ bàbá yìí lè bọ́, ìyá mi sì ń fi ike ṣe àlùwàlá, torí pé mo gbé idẹ tó kù wọ́n kù lọ. Lọ́jọ́ Sátidé, mo fi ìborùn yẹn wé bútà, mo wọ kéké, ó di Bàrígà. Lójú ọ̀nà ni mo ń sọ ọ́ fún ara mi pé mi ò ní jẹ́ kí wọ́n dá a padà fún mi.

Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lójúde. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ mi tán, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè.

“Gbé bútà ẹ lọ sílé.”

“Màmá, àwọn ayálégbé yín ò rí ohun tó máa jí wọn.”

“Kí wọ́n ra aago.” Wọ́n sọ ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ nù. “Tó bá wà lọ́wọ́ mi lónìí, jẹ́jẹ́ ni màá máa gbé e kalẹ̀. Ìwọ ni oorun ẹ wúwo. Ìwọ ni mo ń gbé e kalẹ̀ gbàn-ún fún. Àwọn yẹn kàn ń bá ẹ jí ni.”

Mo tún fi ìborùn wé bútà náà. Gbogbo ọdún yẹn, mo rò pé bí idẹ ṣe ń dún ni.

Bàbá atẹ̀wé ra aago lóòótọ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì bọ́. Ìyá mi ti lọ báyìí, wọ́n ti ta ilé Bàrígà, bútà sì wà lọ́dọ̀ mi ní Ṣómólú. Lójoojúmọ́, mo máa ń gbé e kalẹ̀ kíkankíkan lẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn ọmọ mi, wọ́n á sì máa kùn pé ariwo mi pọ̀ jù. Mo jẹ́ kí wọ́n máa kùn. Àwọn ní ẹni tó ń jí wọn.