Ewú Orí Yèyé

Ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn eruku inú afẹ́fẹ́ ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nídìí òkè kan ní Kábbà, ni òórùn òkúta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ bá ta sí mi nímú.

Mo tún rí Yèyé, ìyá tó bí mi, nínú oòrùn ọ̀sán nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tó ń fi òòlù fọ́ òkúta tà fáwọn tó ń kọ́lé. Eruku ti sọ irun rẹ̀ di funfun báláú. Eruku yẹn ló padà pa á, kí ewú gidi kan tó hù lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo kúnlẹ̀, mo fi ìkíni ìlú wa ṣẹ̀fẹ̀: "Okun o, ìyá àgbà!"

Ó tẹ̀ kọ̀ọ́, ó fi òòlù tilẹ̀ bí ọ̀pá. "Okun, ọmọ ọmọ mi."

Ikọ́ bá mú un, kò sì dáwọ́ dúró. Mo rò pé ó ń ṣe bí arúgbó ni. Mo pàtẹ́wọ́: "Yèyé, ẹ tún un ṣe!"